Adúmáadán Lójú Kọ̀ǹpútà: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Kun Kọ́míìkì Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sínú ìwé ìrántí wa lọ́tẹ̀ yìí lè jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn àgbà kan. Ọ̀rọ̀ kọ́míìkì ni, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán, pàápàá bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kun àwòrán inú rẹ̀. Láti Okumagba Layout títí dé Effurun, mélòó nínú wa ni kò ní ọmọ kan nílé tí kì í gbójú sókè, tí yóò máa fi ìka ra ojú fóònù bí ẹni ń nu àwo? Bí a bá bi í pé kí ló ń ṣe, yóò ní òun ń kun àwòrán. Àwa òbí yóò sì pè é ní eré. Mo ti fara balẹ̀ wo àwọn ìwé tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń gbé jáde láìpẹ́ yìí, mo sì fẹ́ sọ ìdí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ ni, iṣẹ́ tó le, àti pé ó kan àwa ènìyàn dúdú ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé Amẹ́ríkà kí a tó padà sílé. Lọ́dún 1963 ni ilé iṣẹ́ Marvel bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọ́míìkì kan jáde lórí àwọn jagunjagun, wọ́n pè é ní Sgt. Fury. Ènìyàn dúdú ni ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun náà, Gabe Jones lorúkọ rẹ̀. Stan Lee ló kọ ìtàn náà, Jack Kirby ló ya àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ dé ọjà, àwọ̀ òyìnbó ló wà lára Gabe Jones. Àwọn tó ń to àwọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kun ún bẹ́ẹ̀, Lee sì ní láti ránṣẹ́ sí wọn pé ènìyàn dúdú ni ọkùnrin yìí. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó kọ ìtàn ti sọ tirẹ̀, ẹni tó yàwòrán ti sọ tirẹ̀, ọwọ́ ẹni tó kun ún ni ọ̀rọ̀ wá pin sí.

Ohun tó jọ ọ́ ti ṣẹlẹ̀ sí Hulk lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, òmìrán tí gbogbo ọmọdé mọ̀ ní àwọ̀ ewé. Àwọ̀ eérú ló ní nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1962. Eérú náà kò dúró lójú kan lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, ó dúdú jù níbí, ó mọ́lẹ̀ jù lọ́hùn-ún, ni wọ́n bá sọ ọ́ di àwọ̀ ewé láti ìwé kejì. Láyé ìgbà náà, yíǹkì mẹ́rin ni wọ́n ń pò pọ̀ lórí bébà tí kò dára, àwọ̀ tó ṣeé rí níbẹ̀ kò sì pọ̀. Ènìyàn dúdú inú kọ́míìkì a máa rí bí ẹni tí wọ́n fi ẹrẹ̀ tàbí eérú pa lára.

Ní tiwa níbí, àwa tí a ti dàgbà díẹ̀, ojú wa kò fi bẹ́ẹ̀ mọ kọ́míìkì aláwọ̀. Ṣé ẹ rántí Powerman? 1975 ló jáde. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe é fún títà ní Nàìjíríà, àwọn òyìnbó méjì tí wọ́n di olókìkí lẹ́yìn náà, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ló sì ń yà á. Akọni aláwọ̀ dúdú ni Powerman, kò sí ohun tó lè mú un àfi ejò. Dúdú àti funfun ni ojú ìwé rẹ̀. Àwọn tó gbé e jáde tilẹ̀ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n rò pé a kò ní mọ èyí tí a ó kọ́kọ́ kà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín! Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Wale Adenuga gbé Ikebe Super tirẹ̀ jáde, èyí tí àwọn òbí kan kò fẹ́ rí lọ́wọ́ ọmọ wọn, tí àwọn ọmọ sì ń kà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Kí a má gbàgbé itòsí wa. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo láti Agbarha-Otor tí kò jìnnà sí Warri, ló ya àwọn àwòrán inú The Forest of a Thousand Daemons, ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà, tó jáde ní 1968. Ọmọ Urhobo ló fún iwin inú igbó Yorùbá ní ojú àti imú. Ìlà dúdú lórí bébà funfun ni, ẹni tó ń kà á ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ kun ún. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń sáré lọ síbi àwọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ pé ìlà àti òjìji nìkan lè mú ẹ̀rù bani.

Kọ̀ǹpútà ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1988, Steve Oliff ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà kun Akira, kọ́míìkì ilẹ̀ Japan tí Katsuhiro Otomo yà ní dúdú àti funfun. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Photoshop jáde. Láti ìgbà náà ni àwọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó wà nílé ìtẹ̀wé, tó bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìwé méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ilé iṣẹ́ YouNeek Studios, tí Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ló ṣe méjèèjì, Okupe fúnra rẹ̀ ló sì kọ ìtàn wọn. Àkọ́kọ́ ni Malika: Warrior Queen, tó jáde ní 2017, ìtàn ọbabìnrin ajagun tí wọ́n fi ìtàn Àmínà ti Zazzau ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Èkejì ni Iyanu: Child of Wonder, tí ilé iṣẹ́ Dark Horse tẹ̀ jáde ní 2021, ìtàn ọmọbìnrin aláìníyàá kan ní ilẹ̀ tó jọ ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́. Wọn kò fi àmì kankan sórí orúkọ Ìyanu náà, ṣùgbọ́n ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí n fi Malika ṣáájú ni pé ènìyàn méjì ló ṣe àwòrán rẹ̀. Chima Kalu ló ya ìlà, Raphael Kazeem ló kun ún, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà nínú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí lè fi ojú ya ìlà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀dà, kí ó bi ara rẹ̀ pé kí ni Kazeem fi kún ohun tí Kalu ti sọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí àwọn òbí tó rò pé kọ̀ǹpútà ló ń kun ún fúnra rẹ̀.

Nínú kọ̀ǹpútà, àwòrán kì í wà lórí ewé kan ṣoṣo. Ìpele ni wọ́n ń tò ó sí, bí ẹni to gíláàsì lérí ara wọn. Ìlà dúdú yóò wà lókè, wọn yóò sì ṣètò rẹ̀ kí ibi tó funfun di òfìfo, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ lè hàn. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fi àwọ̀ kan ṣoṣo kún ibi kọ̀ọ̀kan: ojú, aṣọ, idà, ojú ọ̀run, láìsí òjìji, láìsí ìmọ́lẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní flats. Ó ń súni bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣa ẹ̀wà, ojú ìwé kan lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Etí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ṣáṣá, kí ọ̀kan má ṣàn sínú èkejì, kí ó lè jẹ́ pé bí akun-àwòrán bá fọwọ́ kan aṣọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo aṣọ náà nìkan ni yóò dìde fún un. Ọmọ tí kò bá ní sùúrù fún ìṣàwà yìí yóò máa fi búrọ́ọ̀ṣì lé àwọ̀ kiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lẹ́yìn flats ni òjìji, lẹ́yìn òjìji ni ìmọ́lẹ̀. Bí iná bá sì lọ kí ó tó fi iṣẹ́ pamọ́, ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Ibi òjìji àti ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú, mo sì fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yóò mú àwọ̀ ilẹ̀ kan fún ara ènìyàn dúdú. Bí ó bá fẹ́ ṣe òjìji, yóò fi dúdú kún un. Bí ó bá fẹ́ ṣe ìmọ́lẹ̀, yóò fi funfun kún un. Ohun tí yóò jáde ni ojú tó dà bí èédú lápá kan, tó sì hẹ́ lápá kejì bí ara ẹni tí kò rí ìpara nígbà ọyẹ́. Ọmọ náà yóò ní kọ̀ǹpútà òun kò dára. Kọ̀ǹpútà kò ṣe é ní nǹkan kan. Kò tíì wo ara ìyá rẹ̀ dáadáa ni.

Bẹ́ẹ̀ èdè wa ti sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀. Àwọn baba wa kò fi mọ sórí adú, wọ́n ní adúmáadán, ẹni tó dúdú tó sì ń dán. Dídán yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ènìyàn dúdú bí kóró iṣin, ẹni tó bá sì ti di kóró iṣin mú rí mọ̀ pé bí o bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wàá rí ojú fèrèsé lára rẹ̀. Ara dúdú ń gba àwọ̀ ohun tó yí i ká. Láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó wà ní iwájú orí àti lórí igi imú a máa pọ́n bí epo. Lábẹ́ iná gílóòbù funfun alẹ́, a máa fẹ́ jọ aró. Òjìji abẹ́ àgbọ̀n pẹ̀lú, bí aṣọ pupa bá wà lọ́rùn ẹni náà, díẹ̀ nínú pupa yẹn yóò gòkè wọ inú òjìji. Ẹni tó mọ èyí kò ní fi dúdú nìkan ṣe òjìji láé.

Ohun mìíràn tún wà. Wọ́n máa ń sọ pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá ní lórúkọ, dúdú, funfun àti pupa, pé ara nǹkan la ti ń yá ìyókù, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àwọ̀ eérú. Àwọn kan ń sọ ọ́ bí ẹni ń káàánú wa. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ kun kọ́míìkì yóò rí i pé èdè náà gbọ́n. Ohun tí Yorùbá kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé báwo ni nǹkan ṣe ṣókùnkùn tó, báwo ló ṣe mọ́lẹ̀ tó. Aṣọ aró tó kì, dúdú ni a ń pè é. Ọmọ ènìyàn tó mọ́lẹ̀ lára, a ní ó pupa, kò sì sẹ́ni tó ń retí kí ó rí bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí káàkiri ayé, ohun tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ wọn wò nìyẹn gan-an: wọn a yọ gbogbo àwọ̀ kúrò lójú kọ̀ǹpútà fún ìṣẹ́jú kan, kí àwòrán di dúdú àti funfun. Bí o bá ṣì mọ ẹni tó dúró níwájú àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ náà dúró. Bí gbogbo rẹ̀ bá di eérú kan náà, àwọ̀ mèremère tó o fi sí i ń tan ọ́ jẹ ni.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi ojú yìí wo Iyanu. Godwin Akpan ló ya á, òun náà ló kun ún, nítorí náà ìlà àti ọ̀dà kò bára wọn jà. Àwọ̀ rẹ̀ kì í dúró síbi tí ìlà bá dúró, ó ń ṣàn bí ọ̀dà orí aṣọ kánfáàsì. Ara àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń dán. Mo gbà pé òun ló sún mọ́ adúmáadán jù nínú àwọn ìwé tí mo ti rí. Síbẹ̀ n kò ní gbà kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ fi Akpan ṣe olùkọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí yóò rí jí lọ ni ìtànṣán, iná tó ń jáde lára ọrun àti lójú akọni. Ẹ wo iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa: gbogbo ojú ìwé ló ń tàn, ọwọ́ ń tàn, idà ń tàn, kódà ìkòkò ọbẹ̀ ń tàn. Ibi tí gbogbo nǹkan bá ti ń tàn, kò sí ohun tó tàn mọ́. Iná Akpan ń ríran nítorí pé ó ti kọ́kọ́ tẹ́ òkùnkùn sílẹ̀ fún un.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n gbé Iyanu jáde gẹ́gẹ́ bí fíìmù àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Lion Forge ló ṣe é. Ẹni tó bá wá láti inú ìwé yóò rí i pé àwọ̀ ara àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò ní ọlá tó ti ìwé. Ó ní ìdí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán ló ń kọjá níwájú wa, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń ṣe é. Àwọ̀ ara àti òjìji gbọ́dọ̀ rọrùn kí ọ̀pọ̀ ọwọ́ lè ṣe é bákan náà. Àwọn kan lè ní wọ́n ba iṣẹ́ jẹ́. Èmi rò pé fún akẹ́kọ̀ọ́, fíìmù náà wúlò ju ìwé lọ, nítorí pé ó fi hàn wá bí àwọ̀ tí kò pọ̀ ṣe lè gbé ènìyàn dúró, bí a bá yan àwọ̀ náà re.

Níbo ni wọn yóò ti yàn án? Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ wa ń lọ, bọ́tìnì ni wọ́n ń kọ́ wọn: tẹ ibí, fa ibẹ̀ yẹn, káàdì ìgbéyàwó ti jáde. Ìyẹn dára fún oúnjẹ òòjọ́. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń wo nǹkan. Ohun èlò kò sì wọ́n tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Lóòótọ́, láti 2013 ni Adobe ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Photoshop sórí owó oṣooṣù, ṣùgbọ́n Krita wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ibis Paint sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù, bí ènìyàn bá lè fara da ìpolówó ọjà rẹ̀. Ohun tí kò sí nínú èyíkéyìí wọn ni àwọ̀ tiwa. Àpótí àwọ̀ ara tí wọ́n ń rí gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn ló pò ó fún ìmọ́lẹ̀ ibòmíràn.

Ẹ ṣí àpótí aṣọ màmá àgbà. Etù wà níbẹ̀, aró tó kì tó fẹ́ẹ̀ di dúdú, tó ní ìlà funfun tín-ín-rín bí ara ẹyẹ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Sányán wà níbẹ̀, tí kò funfun tí kò pọ́n, àwọ̀ sílíìkì inú igbó. Àlàárì wà níbẹ̀. Kí ọmọ gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ó gbìyànjú láti po ohun tó rí sójú fóònù, láìya fọ́tò rẹ̀. Yóò rí i pé àlàárì nírọ̀lẹ́ kì í ṣe àlàárì ọ̀sán. Kí ó sì wo ìlú tí a ń gbé pẹ̀lú: títì dúdú lẹ́yìn òjò Warri, iyùn pupa lọ́rùn ìyàwó Itsekiri, iná gáàsì tó ń jó láwọn ìlú tó yí wa ká tó ń sọ sánmà òru di àwọ̀ ọsàn. Akọni Yorùbá tó bá rìn lábẹ́ irú sánmà bẹ́ẹ̀, n kò tíì rí i nínú ìwé kankan. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn kò lè kun ún bí ọmọ tiwa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé, òun ló sì kan ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì ni bébà fi ń ṣe tirẹ̀. Ohun tó mọ́ rekete lójú fóònù lè ṣókùnkùn lórí bébà. Ẹ wo àwọn ìwé ìrántí wa àtẹ̀yìnwá. Gèlè àwọn ìyá wa hàn, ìlẹ̀kẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ojú tó wà láàárín wọn di òkùnkùn birimù, a kò lè mọ Ìyá Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí Ìyá Ìjẹ̀ṣà bí kò bá sí orúkọ nísàlẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti lọ báyìí, fọ́tò yẹn ló kù fún àwọn ọmọ-ọmọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn kò jìnnà sí ti Gabe Jones. Àwọn ọmọ tí a ń lé kúrò nídìí fóònù sì ti mọ bí a ṣe ń mú ìmọ́lẹ̀ padà sójú láìsọ ènìyàn di apọ́nbéporẹ́. Kí ìgbìmọ̀ ìwé ọdún tó ń bọ̀ kó fọ́tò náà fún wọn kí ó tó dé ilé ìtẹ̀wé, ní fáìlì tó tó 300 àmì sí ínṣì kan, kí wọ́n ní kí atẹ̀wé tẹ ojú ewé kan ṣoṣo wò kí ó tó tẹ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọmọ tó ṣe é síbẹ̀, bí orúkọ Raphael Kazeem ṣe wà nínú Malika.